Ẹ wọn ọkọ̀ àtúnṣe kí ẹ tó sanwó

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀ tí ń ná ọ̀nà Àjàṣẹ́ sí Sákété, Pobè àti Kétu kì í ṣe tuntun. Láti òkè òkun ni wọ́n ti ń bọ̀, èbúté Kutọnu ni wọ́n sì ń gbà wọlé. Àwọn kan nínú wọn ti ní jàǹbá rí. A ti lu ara wọn, a ti jó irin wọn pọ̀, a sì ti kùn wọ́n lọ́dà títí wọ́n fi ń dán. Ṣùgbọ́n ọ̀dà kì í tọ́ irin tó ti wọ́. Ẹni tó bá ra irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ní Ahoyéyé láti fi ṣe takisí lè fi owó àjọ ọdún púpọ̀ ra ohun tí yóò máa jẹ táyà, tí yóò sì máa fi ẹ̀mí èrò wewu.

Èrò tiwa ni pé kí ẹnikẹ́ni má ra ọkọ̀ àtúnṣe láìwọ̀n ọ́n. Ẹni tó bá ti lè ka nọ́ńbà lórí mẹ́tà lè ṣe é.

Ẹ kọ́kọ́ wo ohun tí ojú lè rí. Bí ọkọ̀ bá ń lọ tààrà, ṣé ohun ìdarí tó wà lọ́wọ́ awakọ̀ kò tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan? Ṣé etí kan táyà kò jẹ ju etí kejì lọ? Ṣé àwọn ilẹ̀kùn ń pa dé dáadáa? Bí ẹ bá dúró lẹ́yìn rẹ̀, ṣé kì í rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ bí akàn? Ẹ yẹ afẹ́fẹ́ táyà wò pẹ̀lú, nítorí pé táyà kan ṣoṣo tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ kò tó lè fa ọkọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Lẹ́yìn náà, ẹ gbé ọkọ̀ sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, kí ẹsẹ̀ iwájú kọjú síwájú gan-an. Ẹ wọn láti àárín ẹsẹ̀ iwájú dé àárín ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, lápá òsì àti lápá ọ̀tún. Ti Peugeot 504 kúkúrú jẹ́ sàǹtímítà 274. Ti èyí gígùn tó ń kó èrò jẹ́ 290. Bí òsì bá jẹ́ 274, tí ọ̀tún sì jẹ́ 271, ẹsẹ̀ kan ti kúrò ní àyè rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ béèrè iye tí ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ náà kọ sílẹ̀: Renault 4, bí àpẹẹrẹ, ni a dìídì ṣe kí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì má baà dọ́gba.

Ṣé ara ọkọ̀ gan-an ló wọ́? Mọlémọlé máa ń wọn ìpìlẹ̀ ilé láti igun dé igun, kí ó lè mọ̀ bóyá ó gún. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ọkọ̀. Ẹ yan ibi méjì tó bára mu níwájú lábẹ́ ọkọ̀, òsì àti ọ̀tún, kí ẹ sì yan méjì bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn. Ẹ so irin kékeré mọ́ okùn, ẹ fi kọ́ ibi kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì fi ẹfun sàmì sí ilẹ̀ níbi tí irin náà tọ́ka sí. Ẹ má ṣe wọ abẹ́ ọkọ̀ tí jáàkì nìkan gbé dúró. Ẹ ti ọkọ̀ kúrò, kí ẹ wọn àwọn àmì náà ní àgbélébùú. Bí méjèèjì bá dọ́gba, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ ìtò ẹsẹ̀ nìkan ni mẹkáníìkì ní láti tún ṣe. Bí wọn kò bá dọ́gba, ara ọkọ̀ ti wọ́. Títo ẹsẹ̀ yóò kàn bo àléébù náà mọ́lẹ̀ ni.

Ìwé àyẹ̀wò tí ìjọba béèrè ṣe pàtàkì, ṣùgbọ́n kò gba ipò mẹ́tà lọ́wọ́ ẹni tó ń rajà. Kí àwọn mẹkáníìkì wa máa kọ nọ́ńbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí sórí ìwé fún oníbàárà. Kí ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ ìwé pẹ̀lú wa máa béèrè fún un, kí ẹ kà á fúnra yín, kí ẹ tó ka owó lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́.