Ojú Ọjọ́ Ni Ó Ń Darí Àlejò

Àwọn àgbà a máa sọ pé àjò kì í dùn kí onílé má relé. Ṣùgbọ́n lóde òní, ọ̀pọ̀ àlejò ni ó ń padà sílé kí àjò tilẹ̀ tó dùn, nítorí pé ooru, iná tàbí omíyalé ni ó lé wọn. Ẹni tí ó bá fẹ́ rìnrìn-àjò afẹ́ a máa bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè mẹ́ta: Kí ni ojú yóò rí níbẹ̀? Èló ni yóò ná òun? Báwo ni ojú ọjọ́ ibẹ̀ ti rí? Nígbà kan rí, ìbéèrè kẹta yìí kò ni ènìyàn lára, nítorí pé òjò àti ẹ̀ẹ̀rùn mọ àkókò wọn. Nísinsìnyí, òun gan-an ni ó ń di èkíní.

Ìdí rẹ̀ kò fara sin. Èéfín epo rọ̀bì, èédú àti gáàsì tí ọmọ aráyé ń sun ti bo ayé bí aṣọ òtútù, ooru kò sì rí àyè jáde bí ó ti yẹ. Ní oṣù Keje ọdún 2023, iná igbó ràn ní erékùṣù Rhodes ní ilẹ̀ Gíríìsì, níbi tí àwọn ará Yúróòpù ti máa ń lọ gbafẹ́. Nǹkan bí 19,000 ènìyàn, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ àlejò, ni wọ́n kó kúrò nínú ewu. Ní òkè Chacaltaya ní ilẹ̀ Bolivia, àwọn ènìyàn a máa lọ fi yíyọ̀ lórí yìnyín ṣeré. Nígbà tí yóò fi di ọdún 2009, yìnyín ibẹ̀ ti yọ́ tán. Nílẹ̀ Nàìjíríà pẹ̀lú, omíyalé ọdún 2022 bo ọ̀nà Lọ́kọ́ja mọ́lẹ̀, àwọn arìnrìn-àjò há sójú ọ̀nà, àwọn tí omi náà pa káàkiri orílẹ̀-èdè sì lé ní 600. Ta ni yóò wí pé òun ń lọ gbafẹ́ níbi tí ẹ̀mí kò ti dé?

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí jẹ àwọn ará Ẹdẹ lógún. Ìlú Tìmì ni Ẹdẹ, ìlú Àgbàlé Ọlọ́fà-iná, níbi tí ọdún Ṣàngó ti lókìkí, tí odò Ọ̀ṣun sì ń ṣàn kọjá. Láyé Tìmì Adétóyèṣe Láoyè, ẹni tí òkìkí rẹ̀ kàn nítorí ìlù dùndún, àwọn àlejò láti òkè òkun wá síbẹ̀ wá kọ́ ìmọ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni Susanne Wenger, ọmọ ilẹ̀ Austria, tí àwọn ènìyàn mọ̀ sí Àdùnní Olórìṣà. Ẹdẹ ni ó gbé lọ́dọ̀ Ajagẹmọ, àwòrò Ọbàtálá, kí ó tó lọ sí Òṣogbo, níbi tí òun àti àwọn oníṣẹ́ ọnà ìlú náà ti gba Igbó Ọ̀ṣun lọ́wọ́ ìparun. Ní ọdún 2005, Àjọ UNESCO fi igbó náà, tí ó tó hẹ́kítà 75, sínú àwọn ohun ìṣẹ̀ǹbáyé àgbáyé.

Ohun tí ó ń fa àlejò lọ síbẹ̀ ni igi ńláńlá, ibòji tútù àti odò. Oṣù Kẹjọ ni ọdún Ọ̀ṣun máa ń bọ́ sí, nígbà tí òjò a máa sinmi díẹ̀. Bí òjò bá kọ̀ tí kò sinmi, tí ọ̀nà di ẹrẹ̀, tí odò sì kún àkúnya, àlejò yóò yà síbòmíràn. Nígbà náà, kì í ṣe ìjòyè nìkan ni ó pàdánù: onímọ́tò, olóúnjẹ, aláró, onílù àti oníṣọ̀nà, láti Òṣogbo dé Ẹdẹ, ni ọjà wọn yóò kùtà.

Àwọn kan ń sọ pé kí Yúróòpù máa gbóná lọ, pé ọ̀dọ̀ wa ni àwọn àlejò yóò sá wá. Àṣìrò ni èyí. Ẹni tí ó ń sá fún ooru kò ní wá ooru mìíràn lọ. Ibòji, omi mímọ́ àti ọ̀nà tí ó ṣeé rìn ni yóò wá. Àwọn mìíràn ń sọ pé èéfín àwọn orílẹ̀-èdè ńlá ni ó fa gbogbo rẹ̀, pé ọwọ́ ọmọ Ẹdẹ mọ́. Òtítọ́ wà nínú èyí, nítorí èéfín Áfíríkà kéré sí ti àwọn yòókù púpọ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe àjèjì ni ó ń gé igi etí odò, kì í sì í ṣe àjèjì ni ó ń da ìdọ̀tí sínú gọ́tà. Ní ọdún 2022, ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kìlọ̀ fún àwọn olùjọsìn pé kí wọ́n má ṣe mu omi odò Ọ̀ṣun, nítorí pé ó ti bàjẹ́. Ojú ọjọ́ kọ́ ni ó da omi náà rú; àwọn tí ń wa góòlù lókè odò ni wọ́n ń dá lẹ́bi. Ará ilé tí ó fọwọ́ ara rẹ̀ ba kànga jẹ́ kò lè di gbogbo ẹ̀bi ru òjò.

Nítorí náà, kí àwọn ìgbìmọ̀ ìlú dá igi etí odò sí, kí wọ́n la gọ́tà kí òjò tó dé, kí wọ́n sì fi òfin dé àwọn tí ń ba omi jẹ́. Kí àwọn ọ̀dọ́ gbin igi sí ọgbà ilé ẹ̀kọ́ àti ẹ̀bá ọ̀nà, kí wọ́n sì tọ́jú rẹ̀ títí yóò fi dàgbà. Kò sí ìlú tí ó lè pàṣẹ fún oòrùn, ṣùgbọ́n gbogbo ìlú ni ó lè ní ibòji. Ẹni tí ó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Ilẹ̀ tútù náà sì ni àlejò ọ̀la yóò yàn.