Martha Church, Alásè, Nínú Aṣọ Ojoojúmọ́
Láti ọwọ́ òǹkọ̀wé wa ní Capitol Heights, Maryland

Ẹni tó bá wọ ọkọ̀ ojú irin Metro ní Capitol Heights kò ní pẹ́ dé àárín Washington, níbi tí obìnrin ará Faransé kan ti ń ya ìlú náà sórí ìwé ní nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn. Baroness Hyde de Neuville ni wọ́n ń pè é. Fúnra rẹ̀ ló kọ́ àwòrán, kò sì fi jẹun. Ìyẹn ni àwọn kan fi ń ka iṣẹ́ rẹ̀ sí eré ọwọ́dilẹ̀ ìyàwó ọlọ́lá. Wọn ò gba tirẹ̀ rò.

Nígbà tí wọ́n fẹ̀sùn ọ̀tẹ̀ kan ọkọ rẹ̀, òun ló tọ Napoleon lọ láti bẹ̀bẹ̀. Ní 1807, àwọn méjèèjì gúnlẹ̀ sí New York bí ẹni tí wọ́n lé kúrò nílùú. Baroness rìn dé Niagara, ó ń ya ohun tó ń rí lọ́nà. Wọ́n padà sí Faransé; nígbà tí wọ́n tún wá ní 1816, ọkọ rẹ̀ ti di aṣojú ìjọba Faransé ní Washington. Baroness ya Ilé Ààrẹ, èyí tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ti dáná sun ní 1814, lẹ́yìn tí wọ́n tún un kọ́.

Ṣùgbọ́n àwòrán tó níye lórí jù nínú iṣẹ́ rẹ̀ ni ti Martha Church. Alásè ni Martha. Láàárín 1808 sí 1810 ni Baroness yà á, nínú aṣọ tó ń wọ̀ lójoojúmọ́, orúkọ rẹ̀ sì bá àwòrán náà dé òní. Láyé ìgbà náà, ẹni tó bá rówó san ni ayàwòrán ń yà. Ta ni ì bá sanwó kí wọ́n ya alásè? Ẹni tí kò ta iṣẹ́ rẹ̀ ló lè ya ẹni tó wù ú.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn Yorùbá tó wà ní Prince George's County, níbi tí Capitol Heights wà, gbọ̀ngbọ̀n. Ẹ ṣí álíbọ́ọ̀mù ìkómọ kan wò: bàbá ọmọ, ìyá ọmọ, pásítọ̀, aṣọ ẹbí. Àwọn obìnrin tó ti wà nídìí ìkòkò ìrẹsì láti òru ńkọ́? Bóyá igbákọ kan ló yọjú létí fọ́tò, tàbí etí gèlè ẹnì kan tó ń sáré kọjá.

Baroness kú ní 1849. Ọdún 2019 ni New-York Historical Society tó ṣe àfihàn ńlá fún un. Àwọn ìwé àwòrán rẹ̀ tí wọ́n tọ́jú ló jẹ́ kó ṣeé ṣe. Ó yẹ kí ilé ìkàwé Prince George's máa gba irú álíbọ́ọ̀mù ìkómọ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ìyá Yorùbá, kí wọ́n sì béèrè orúkọ ẹni tó ń sè lọ́wọ́ ìyá tó gbé e wá, nígbà tó ṣì wà láyé tó lè dáhùn.