Ẹ Yé Pè É Ní Ilẹ̀ Òfìfo

Àwọn baba wa ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ọ̀rọ̀ yìí ni mo fẹ́ fi bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi jà, àwọn tí wọ́n ń kó ara wọn jọ ní ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ, tí wọ́n ń dá owó háyà ọkọ̀, tí wọ́n ń di àgọ́ àti àpò sẹ́yìn rẹ̀, tí wọ́n sì ń lọ wo òkè, yìnyín àti etí òkun ní ilẹ̀ òkèèrè. N kò bá wọn jà nítorí pé wọ́n lọ. Ẹni tó bá rìn jìnnà ni yóò rí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Èmi pàápàá lọ, ọkàn mi sì tún ń fà sí i. Ohun tí mo ń bá wọn jà sí ni gbólóhùn kan tí wọ́n ń mú bọ̀: "Ibẹ̀ mà dára o! Kò sí nǹkan kan níbẹ̀, ilẹ̀ òfìfo ni." Mo ní irọ́ ni. Kì í sì í ṣe irọ́ kékeré, nítorí ẹni tó bá gbà pé ilẹ̀ kan ṣófo, bí ilẹ̀ tí kò ní olówó ni yóò ṣe é.

Ẹ jẹ́ kí n fi ilẹ̀ Áísílándì ṣe àpẹẹrẹ, nítorí ibẹ̀ ni àwa mẹ́rin fi ọkọ̀ yí ká. Ọ̀nà ńlá kan ló yí erékùṣù náà po, nǹkan bí 1,320 kìlómítà. Ọdún 1974 ni wọ́n tó so ó pọ̀, nígbà tí wọ́n ta afárá sórí àwọn odò tó ń ti abẹ́ Vatnajökull jáde wá sí òkun. Jökull ni wọ́n ń pe yìnyín tó ga bí òkè, tó sì ń ṣàn bí odò, ṣùgbọ́n tó ń ṣàn jẹ́jẹ́ débi pé ojú kò lè rí i. Vatnajökull nìkan fẹ̀ ju 7,000 kìlómítà onígun mẹ́rin lọ. Yorùbá kò sọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lórúkọ, kò sì yẹ kó sọ ọ́, nítorí yìnyín tiwa kò ju èyí tó ń bá òjò bọ̀, tí àwọn ọmọdé ń ṣà jẹ.

Ilé là á wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Àwọn ará Áísílándì wo ilẹ̀ wọn dáadáa. Á ni odò. Lón ni ọ̀sà. Foss ni omi tó ń já láti orí àpáta. Vík ni ibi tí òkun ti yà wọ ilẹ̀. Sandur ni pẹ̀tẹ́lẹ̀ iyanrìn tí odò yìnyín gbé kalẹ̀. Ẹni tó bá mọ ọ̀rọ̀ márùn-ún yìí mọ́ jökull ti lè ka ọ̀pọ̀ ohun tó wà lórí máàpù. Jökulsárlón kì í tún ṣe ariwo lásán létí rẹ̀ mọ́: ọ̀sà odò yìnyín ni. Ṣùgbọ́n nínú ọkọ̀ tiwa, nọ́ńbà ni ọ̀rẹ́ mi kan fi ń pe àwọn omi tó ń já: èkíní, èkejì, títí dé ìkọkànlá. Mo bi í pé bí àlejò bá fi nọ́ńbà pe ìlú bàbá rẹ̀ ńkọ́? Ó dákẹ́. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ó ní a ti dé ìkejìlá.

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ ẹ̀rín nìkan nìyí. Lẹ́bàá Jökulsárlón, àwọn òkúta yìnyín máa ń sùn sórí iyanrìn dúdú, wọ́n a máa dán. Àwọn àlejò ti sọ ibẹ̀ ní Diamond Beach. Orúkọ ilẹ̀ náà ni Breiðamerkursandur. Igbó gbàràmù-gbaramu ni "Breiðamörk" ń sọ, àwọn àgbẹ̀ sì gbé àgbègbè náà rí. Ní nǹkan bí ọdún 1700 ni òkè yìnyín sọ̀ kalẹ̀ wá, tó bo oko Fjall àti oko Breiðá mọ́lẹ̀. Ẹni tó bá pe orúkọ àtijọ́ ń pe igbó àti oko tó ti lọ. Ẹni tó bá ní Diamond Beach, ọjà ló ń ná. Bẹ́ẹ̀, orúkọ kejì yìí ni àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kọ sábẹ́ àwòrán wọn, wọ́n sì ní ilẹ̀ òfìfo ni. Ta ló sọ ọ́ di òfìfo?

Ẹ tún wo Öræfi nítòsí ibẹ̀. Ní èdè wọn lónìí, öræfi ni aginjù. Ẹnì kan lè yọ̀ pé, "Àwọn fúnra wọn ló kúkú pè é bẹ́ẹ̀!" Kó rọra. Litla-Hérað ni wọ́n ń pe àgbègbè náà tẹ́lẹ̀, àgbègbè kékeré tí ènìyàn ń gbé. Ní 1362, òkè oníná tó wà lábẹ́ yìnyín Öræfajökull bú; eérú àti omi gbá oko àti ilé lọ. Lẹ́yìn rẹ̀ ni orúkọ yí padà. Orúkọ ọ̀fọ̀ ni. Síbẹ̀ àwọn ènìyàn padà síbẹ̀, oko wà níbẹ̀ títí dòní.

Nígbà tí iná tún sọ lábẹ́ Vatnajökull ní ọdún 1996, omi yìnyín ya ní oṣù Kọkànlá, ó wó lára afárá tó wà lórí Skeiðará, ó sì ká irin rẹ̀ bí ẹni ká okùn. Wọ́n fi irin kíká náà sílẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà kí aráyé lè rí i. Jökulhlaup ni wọ́n ń pe irú omíyalé bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ yìí gan-an sì ni àwọn onímọ̀ ní gbogbo ayé yá lò. Ní 2009, nítorí pé yìnyín náà ń fà sẹ́yìn, odò Skeiðará fi ipa ọ̀nà rẹ̀ sílẹ̀, afárá gígùn náà sì dúró lórí iyanrìn gbígbẹ. Ní ìwọ̀-oòrùn, òkè yìnyín kékeré kan wà tó ń jẹ́ Okjökull. Ní 2014, Oddur Sigurðsson tó jẹ́ onímọ̀ nípa yìnyín kéde pé kò tún tó ohun tí à ń pè ní jökull mọ́. Ní 2019 wọ́n gbé àmì ìrántí kalẹ̀ fún un. Ok nìkan ni orúkọ tó ṣẹ́ kù. Ẹni tí kò mọ ìtumọ̀ jökull kò lè mọ ohun tó kú lára orúkọ yẹn.

Wàyí o, kí ni ẹni tó gbà pé ilẹ̀ ṣófo máa ń ṣe? Á gbé ọkọ̀ kúrò lójú ọ̀nà, bẹ́ẹ̀ òfin ilẹ̀ náà kò gbà á. Ewéko wẹ́ẹ́rẹ́ tó bo àpáta níbẹ̀, irú èyí tó ń hù lára ògiri wa ní àsìkò òjò, lè gba ọ̀pọ̀ ọdún kó tó bo ojú táyà kan ṣoṣo. Gbajúgbajà olórin ará Kánádà kan ya fídíò ní àfonífojì Fjaðrárgljúfur ní 2015. Èrò rọ́ lọ síbẹ̀ débi pé ìjọba ní láti ti ibẹ̀ pa ní 2019 kí ewéko náà lè sinmi. Ní Reynisfjara, ìgbì a máa dákẹ́ tán, á sì sá gòkè lójijì. Ìkìlọ̀ wà ní ẹnu ọ̀nà, síbẹ̀ òkun ti gbé ènìyàn lọ níbẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Àwọn kan yóò ní, "Owó wa ń bọ́ wọn." Òótọ́ ni, owó àlejò ń ṣe wọ́n láǹfààní. Ṣùgbọ́n ẹni tó ra ẹ̀kọ kò ra ẹni tó ń ta á. Àwọn mìíràn yóò ní, "Gbogbo wọn ló gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, kí la fẹ́ fi èdè wọn ṣe?" Èyí ló dùn mí jù, nítorí ẹnu akẹ́kọ̀ọ́ èdè ni mo ti gbọ́ ọ. Àwọn ènìyàn tí kò tó 400,000 gba àlejò tó ju mílíọ̀nù méjì lọ ní 2018, wọn kò sì tìtorí rẹ̀ ju èdè wọn nù. Nígbà tí tẹlifóònù dé, wọ́n gbé ọ̀rọ̀ àtijọ́ kan tó túmọ̀ sí okùn dìde, wọ́n ní sími. Nígbà tí kọ̀ǹpútà dé, wọ́n so nọ́ńbà mọ́ obìnrin aríran, wọ́n ní tölva. Ṣé àwa tí à ń pariwo pé kí aráyé bọ̀wọ̀ fún Yorùbá ni yóò wọ ilé irú àwọn wọ̀nyí láìkọ́ bí wọ́n ṣe ń kí ni?

Ẹ lọ, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi. Ẹ wa ọkọ̀ yín, ẹ pa àgọ́ níbi tí wọ́n bá gbà yín láyè. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó lọ, ẹ kọ́ ogún ọ̀rọ̀ ilẹ̀ náà, kí ẹ lè mọ̀ pé einbreið brú lójú ọ̀nà ń sọ fún yín pé ọkọ̀ kan ṣoṣo ni afárá gbà lẹ́ẹ̀kan. Bí ẹ bá dé, ẹ fi èdè Yorùbá ròyìn fún wa, kí ẹ sì pe ibi kọ̀ọ̀kan ní orúkọ tí àwọn onílé pè é. Mo sì bẹ olóòtú ìwé ìròyìn yìí: bí ìròyìn àjò kankan bá tún dé ọ̀dọ̀ yín tó pe ilẹ̀ onílẹ̀ ní òfìfo, ẹ dá a padà fún ẹni tó kọ ọ́, kó lọ béèrè orúkọ ibẹ̀ wá.