Olùkọ́ Ọ̀la àti Ìmọ̀ Bí Ọmọ Ṣe Ń Rántí

Ní ilé-kéwú àtijọ́ ní Lálúpọn tàbí Àkàǹrán, wọn kì í jẹ́ kí ọmọ fọ wàláà rẹ̀ títí yóò fi lè ka ohun tí ó wà lára rẹ̀ láìwò ó. Bí ó bá ṣì í, Àáfà yóò tún un ṣe, yóò sì dá a padà. Ní ọjọ́ kejì, yóò tún bi í léèrè ti àná. Àwọn kan pe èyí ní àkọ́sórí lásán. Lóòótọ́, bí ọmọ kò bá mọ ìtumọ̀ ohun tí ó ń kà, àbùkù ńlá ni. Síbẹ̀, apá kan wà nínú rẹ̀ tí ìwádìí ti jẹ́rìí sí.

Ní ọdún 1885, Hermann Ebbinghaus, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, tẹ ìwé jáde lórí àdánwò tí ó fi ara rẹ̀ ṣe. Ó rí i pé ohun tí ènìyàn kọ́ a máa yára sá lọ láàárín wákàtí díẹ̀, àti pé àtúnkọ́ tí a pín sí ọjọ́ púpọ̀ lérè ju èyí tí a kó jọ sójú kan lọ. Ní ọdún 2006, Roediger àti Karpicke ní Amẹ́ríkà fi hàn pé akẹ́kọ̀ọ́ tí ó pa ìwé dé, tí ó sì gbìyànjú láti rántí, mọ ohun tí ó kà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan ju ẹni tí ó kàn ń tún un kà lọ.

Kí ni akẹ́kọ̀ọ́ NCE ń rí mú lò nínú èyí? Yóò kọ orúkọ Piaget àti Thorndike sínú ìdánwò, yóò sì yege. Ṣùgbọ́n bí ó bá dé abúlé kan ní Akínyẹlé, tí kíláàsì méjì wà lọ́wọ́ rẹ̀, yóò kọ̀wé sójú pátákó, àwọn ọmọ yóò dà á kọ, aago yóò sì lù. Omi inú ajere ni. Ta ni yóò bi wọ́n ní ọjọ́ Jímọ̀ ohun tí wọ́n kọ́ ní ọjọ́ Àtìní?

Ó sì ṣòro fún ọmọ láti rántí ohun tí kò yé e. Ọ̀jọ̀gbọ́n Àlíù Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ifẹ̀ ní ọdún 1970: àwọn ọmọ tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ fún ọdún mẹ́fà ta ẹgbẹ́ wọn yọ, Gẹ̀ẹ́sì wọn kò sì rẹ̀yìn. Pẹ̀lú èyí náà, ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ fagi lé ìlànà èdè abínibí tí ó fọwọ́ sí ní ọdún 2022. Àwọn òbí kan ní Ẹ̀gbẹ́dá yóò yọ̀, nítorí Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n kà sí ọ̀nà ọlà. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni bú wọn. Olùkọ́ tí ó mọ iṣẹ́ ni yóò mọ ìgbà tí ó yẹ kí ó fi Yorùbá là á yé ọmọ àgbẹ̀.

Bí alábòójútó láti ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ bá wá wo akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ níbi tí ó ti ń fi iṣẹ́ dánra wò, kí ó má ṣe yẹ ìwé ìmúrasílẹ̀ àti àwòrán ara ògiri nìkan wò. Kí ó padà wá ní ọ̀sẹ̀ kejì, kí ó bi àwọn ọmọ ní ohun tí ó kù lórí wọn, kí ó sì fi ìdáhùn wọn fún un ní máàkì.