Iṣin tí kò là, májèlé ni o!

Ẹ̀yin ìyá ọmọ, ẹ̀yin bàbá ọmọ, ọ̀rọ̀ iṣin la fẹ́ sọ lọ́sẹ̀ yìí. Tó bá là fúnra rẹ̀ lórí igi, tí kóró dúdú inú rẹ̀ yọjú, ẹ máa jẹ ẹ́ lọ, kò sí wàhálà. Àmọ́ èyí tí kò tíì là, táwọn ọmọ ń fi òkò já, tí wọ́n wá ń fọwọ́ ya ẹnu rẹ̀, ikú ń bẹ níbẹ̀.

Ní Burkina Faso lọ́dún 1998, láàárín oṣù kìn-ín-ní sí oṣù karùn-ún, ọmọ 29 ló kú, ọmọ ọdún 2 sí 6 ni wọ́n. Ká ní àdúgbò wa ni, wọn ì bá ti di ìyá arúgbó kan mú pé òun ló ń pa wọ́n jẹ. Iṣin àìpọ́n ni ìwádìí tọ́ka sí.

Báwo ló ṣe ń pa èèyàn? Ẹ fọkàn bá mi lọ. Téèyàn bá ti jẹun alẹ́, ṣúgà tí ẹ̀dọ̀ tọ́jú lara ń lò mọ́jú. Ti ọmọdé kì í pẹ́ tán. Tó bá ti ń tán lọ, ọ̀rá lara á bẹ̀rẹ̀ sí í jó, bí ìgbà tí wọ́n mú iná lọ tá a tan jẹnẹrétọ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ inú ara kan tí wọ́n ń pè ní ẹ́ńsáìmù ló ń gé ọ̀rá náà sí wẹ́wẹ́ kó tó di agbára. Àwọn yìí gan-an ni májèlé inú iṣin, tórúkọ rẹ̀ ń jẹ́ hypoglycin, máa ń dè tọwọ́ tẹsẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ kọ̀, iná náà ò sì sí! Ẹ̀dọ̀ ò rágbára ṣe ṣúgà tuntun, ti inú ẹ̀jẹ̀ á já wálẹ̀, ọpọlọ á wà lókùnkùn. Ọmọ á máa bì, á rẹ̀ ẹ́, gìrì lè gbé e, ó sì lè dákú. Ọmọ tó sùn láìjẹun ló tètè ń mú jù.

Àwọn ará Jàmáíkà mọ̀ ọ́n dáadáa. Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà níhìn-ín ni iṣin ti dé ọ̀dọ̀ wọn láyé òwò ẹrú, ó ti wá di èso orílẹ̀-èdè wọn, ẹja oníyọ̀ ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́. Ọjọ́ pẹ́ tí àìsàn èébì yìí ti ń pa wọ́n kí wọ́n tó yọ májèlé náà jáde nínú iṣin lọ́dún 1954. Amẹ́ríkà tiẹ̀ fòfin de iṣin alágolo lọ́dún 1973, ọdún 2000 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú u sílẹ̀ fáwọn ilé-iṣẹ́ tó kúnjú òṣùwọ̀n.

Ẹ má sọ pé ẹ máa sè é o. Iná ò pa májèlé yẹn, omi tí wọ́n fi sè é gan-an léwu. Kóró dúdú ńkọ́? Ó pọ́n o, kò pọ́n o, ẹnikẹ́ni kì í jẹ ẹ́.

Ọmọ tó bá jẹ iṣin tó wá ń bì, ọsibítù ni kẹ́ ẹ gbé e lọ kíákíá, kí wọ́n lè fa omi ṣúgà sí i lára. Tí wọ́n bá bi yín pé kí ló jẹ, ẹ má tìtorí ìtìjú fi ọ̀rọ̀ iṣin pamọ́ fún dókítà.