Òbí Tí Kò Mọ Ìwé

Ní oṣù kìíní ọdún 1955 ni Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, sọ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́. A kò yéé yin iṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n àwọn òbí kan gbà pé ìjọba àti tíṣà nìkan ló wá ni ẹrù ọmọ. Òfin àpapọ̀ ti ọdún 2004 sọ ọ́ di ọ̀ranyàn kí òbí fi ọmọ sí ilé-ẹ̀kọ́ fún ọdún 9. Òfin wo ni yóò bi ọmọ léèrè nírọ̀lẹ́ pé, kí ni wọ́n kọ́ ọ lónìí?

“Èmi kò mọ ìwé” ni èsì tí a ń gbọ́. Àwáwí ni. Ní ọdún 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan fún ọdún 6, tí wọ́n sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ta ẹgbẹ́ wọn yọ nínú iṣẹ́ yòókù. Èdè ìyá tí ń ta ẹ̀kọ lọ́jà mà ni èdè yẹn!

Ẹ̀yin òbí, ẹ jẹ́ kí ọmọ fi Yorùbá ṣàlàyé ìṣirò rẹ̀ fún yín. Ibi tí ó bá ti ń kólòlò, ibẹ̀ ni kò yé e. Ẹ lọ sọ fún tíṣà rẹ̀. Ẹ̀yin olùkọ́ pẹ̀lú, bí ìyá kan bá gbé igbá ọjà rẹ̀ wá bèèrè ọmọ, ẹ fún un ní àga. Ẹ má fi Gẹ̀ẹ́sì lé e padà sílé.