Ta Ló Ní Eré Ọmọdé Ni Ìtàn Kúkúrú?

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ọ̀rọ̀ kan wà tí etí mi kò lè gbà mọ́. Bí ẹnìkan bá kọ ìwé ìtàn tó tó ojú ìwé 200, òǹkọ̀wé ni wọn yóò máa pè é. Bí ó bá kọ ìtàn ojú ìwé 4, wọn a ní ó ṣì ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ ni, pé tó bá gbọ́n tán, yóò kọ ìwé gidi. Ìwé gidi kẹ̀! Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, ṣé adìyẹ lè gbé e mì?

Ẹ wo Anton Chekhov, dókítà ará Rọ́ṣíà tó kú ní 1904. Ìtàn kúkúrú tí ó kọ kò lóǹkà, àwọn ènìyàn sì ń kà wọ́n títí di òní. Ẹ wo Alice Munro, obìnrin ará Kánádà. Ìtàn kúkúrú ló sọ ọ́ di olókìkí, òun náà sì ni wọ́n fún ní ẹ̀bùn Nobel ní 2013. Ta ni yóò sọ fún irú àwọn wọ̀nyí pé eré ọmọdé ni wọ́n ń ṣe?

Ohun tó mú mi fẹ́ràn ìtàn kúkúrú kò lọ́jú pọ̀. Ẹni tó wọ dánfó láti Òṣòdì, tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ dá dúró, lè ka ìtàn kan tán kó tó sọ̀kalẹ̀. Ìjókòó kan ṣoṣo ni. Ìtàn náà yóò sì bá a délé, yóò bá a jẹun, yóò bá a sùn.

Ṣùgbọ́n àwọn kan lára àwọn tó ń kọ ọ́ ló ń ba ọjà náà jẹ́. Èkíní, odindi ìgbésí ayé ni wọ́n fẹ́ kì bọ ojú ìwé 4: wọ́n á bí ọmọ, wọ́n á fi í sílé ìwé, wọ́n á gbéyàwó fún un, wọ́n á sin ín. Ìròyìn nìyẹn, kì í ṣe ìtàn. Ká ní télọ̀ kan bá owó nínú àpò ṣòkòtò tí oníbàárà gbé wá fún àtúnṣe. Owó ilé ìwé ọmọ télọ̀ ọ̀hún kò sì tíì pé. Oníbàárà dé, ó ní, "Bọ̀dá télọ̀, ẹ ò bá nǹkan kan nínú àpò yẹn?" Ìtàn ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, ó sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Kí la fẹ́ fi ọjọ́ ìkómọ télọ̀ ṣe níbẹ̀? Mímọ ohun tí a ó yọ sílẹ̀ ni iṣẹ́ tó le jù. Nínú ìwé gígùn, gbólóhùn 10 lè ṣòfò kí ẹnikẹ́ni má fura. Nínú ìtàn kúkúrú, ẹyọ kan tó yẹ̀ ti tú gbogbo rẹ̀ ká.

Èkejì ni ìwàásù ìparí: "Ẹ̀kọ́ tí ìtàn yìí kọ́ wa ni pé olè jíjà kò dára." Háà! Ta ni kò mọ̀? Wọ́n ní bí àwọn baba wa ti ń parí àlọ́ nìyẹn. Mo gbà, ṣùgbọ́n ọmọdé ni wọ́n ń pa á fún. Bí àgbàlagbà bá lọ dá Ifá ńkọ́? Kì í sọ ohun tó gbé e wá fún babaláwo. Babaláwo yóò máa ki ẹsẹ, ìtàn lórí ìtàn, ẹni tó wá dá Ifá ni yóò dá èyí tó bá ọ̀rọ̀ tirẹ̀ mu mọ̀. Àwọn baba wa fọkàn tán ẹni tó ń gbọ́ ìtàn. Kí ló dé tí àwọn òǹkọ̀wé wa kò fọkàn tán wa? Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí. Tó bá dénú rẹ̀, a di odindi.

Nítorí náà, ẹ̀yin olóòtú, ẹ yé fi ìtàn kúkúrú dí àyè tí ìpolówó ọjà kò kún. Ẹ̀yin òǹkọ̀wé, ẹ kọ ọ́, ẹ gé e, kí ẹ sì tún un gé. Ẹ̀yin òǹkàwé, bí ẹnìkan bá wàásù fún yín níparí ìtàn, ẹ kọ̀wé sí olóòtú pé ẹ kì í ṣe ọmọ jẹ́léósinmi. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, èdè Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni àwọn ọmọ wa yóò ti máa ka ìtàn kúkúrú tó dùn, wọn yóò sì máa rò pé Yorùbá kò mọ̀ ju ìwàásù lọ. Èmi ò ní gbà o. Ẹ̀yin ńkọ́?